Ìṣirò ń sáré, díìsìkì ń wọ́

Lọ́dún 1989, Philip Emeagwali, ẹni tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, gba ẹ̀bùn Gordon Bell fún ìṣirò epo rọ̀bì tó ṣe lórí ẹ̀rọ Connection Machine, tó ní prósẹ́sọ̀ kéékèèké 65,536. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń yára ṣírò ni gbogbo ayé ń sọ. Bó ṣe ń kọ èsì rẹ̀ sí díìsìkì kì í sábà wọ ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ẹ lè ní ká lọ ra SSD, díìsìkì tó yára, ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ ò jẹ̀bi, àmọ́ èyí tó dára jù níbẹ̀ kò lè bá RAM, ìrántí ẹ̀rọ, sáré. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún prósẹ́sọ̀ bá jọ ń kọ fáìlì, tí wọ́n sì ń káwọ́ gbera títí yóò fi parí, owó iná ń ṣòfò nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ní Agége kì í dúró bẹ́ẹ̀. Bí páànù bá ti wọ ààrò, wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun mìíràn. Ní 1997, MPI, ìlànà tí àwọn prósẹ́sọ̀ fi ń bára wọn ṣiṣẹ́, mú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wá nínú àṣẹ MPI_File_iwrite: ó gba iṣẹ́ ìkọ̀wé, ó sì jẹ́ kí ètò máa bá ìṣirò lọ. Ní 2015, MPI 3.1 fi MPI_File_iwrite_all kún un, kí gbogbo prósẹ́sọ̀ lè jọ kọ fáìlì pọ̀.

Èèwọ̀ rẹ̀ rèé: wọn kì í da ìyẹ̀fun tuntun sí páànù tó ṣì wà nínú ààrò. Àyè RAM tí wọ́n ń kọ ohun inú rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án títí MPI_Wait, àṣẹ tó ń dúró de òpin ìkọ̀wé, yóò fi yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú, fáìlì rẹ̀ lè dára lónìí, kó bàjẹ́ lọ́la láìsí ìkìlọ̀.

Bí ìṣirò bá gba wákàtí kan, tí ìkọ̀wé náà gba wákàtí kan, ìlọ́po méjì ni òpin ìyára tí jíjọ ṣe wọ́n lè mú wá. Àwọn MPI kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ inú MPI_Wait gan-an ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀!

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná ọba. Ìṣirò ọlọ́jọ́ gbọọrọ máa ń kọ ibi tó dé sílẹ̀, kí iná tó bá lọ má baà dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí MPI_Wait bá ní ó ti parí, ọ̀rọ̀ náà ṣì lè wà nínú RAM, kó má tíì dé díìsìkì. MPI_File_sync ló ń tì í débẹ̀. Ẹ pè é kẹ́ ẹ tó pa ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ rẹ́.