Ohun Tí Gbígbé Iwájú Píkọ́ọ̀pù Sókè Ń Gbà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ Hilux 4x4 tí Toyota ṣe láti nǹkan bí ọdún 1986 títí ẹ̀yà ti 2004 fi dé ni kò ní sípírìǹgì kọ́ìlì níwájú. Ọ̀pá irin gígùn tó sùn sábẹ́ ọkọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ṣọ̀n bà, ló ń gbé iwájú ró. Orí kan ọ̀pá náà so mọ́ apá tó di táyà mú. Bóòtù kan ló di orí kejì mọ́ férémù. Bí táyà bá gun òkè, apá á lọ́ ọ̀pá. Bí ọ̀pá bá ń tú ara rẹ̀, á ti táyà padà sílẹ̀. Ọgbọ́n náà ti pẹ́: Citroën lò ó lára Traction Avant ní 1934. Ẹni tó bá fẹ́ kí iwájú ga, bóòtù yẹn ni yóò fún, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa rò pé ọ̀fẹ́ ni gíga náà. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ààyè tí táyà fi ń sọ̀ kalẹ̀ la fi ń rà á.

Táyà ní ibi tó lè gòkè dé àti ibi tó lè sọ̀ dé. Bóòtù kò lè fi kún ààyè tó wà láàárín méjèèjì. Ibi tí táyà dúró sí láàárín rẹ̀ nìkan ló ń yí padà. Bí a bá fún un jù, táyà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ìsàlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Tó bá wá dé etí kòtò, kò ní lè nà tẹ̀lé ilẹ̀ mọ́. Apá á gbá rọ́bà tó ń dá a dúró, ọkọ̀ á sì gbọ̀n. Awakọ̀ á ní ọ̀pá ti le sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sísanra àti gígùn ọ̀pá ló ń pinnu bó ṣe le tó: èyí tó bá fi 10 nínú 100 sanra ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí gígùn wọn dọ́gba, á fi nǹkan bí 46 nínú 100 le jù ú lọ. Bóòtù kò sì lè sọ irin di sísanra. Ohun tó lè ṣe ni kó mú kí ásù tó ń yí táyà iwájú dagun jù, kí rọ́bà ìbòrí rẹ̀ tètè ya, kí bọ́ọ̀lù jọ́ìnì sì tètè jẹ.

Àwọn kan á ní ọ̀nà tó burú ló jẹ́ kí àwọn máa gbé iwájú sókè. Òótọ́ ni, iwájú tó ga á sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì jìnnà sílẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ difẹrẹ́ńṣà ẹ̀yìn ló sábà máa ń sún mọ́ ilẹ̀ jù, kò sì sí bí a ṣe lè fún bóòtù iwájú tó tí yóò gbé e sókè. Táyà tó ga ló lè ṣe é. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé ọ̀pá tó ti pẹ́ kì í tú ara rẹ̀ padà tán mọ́, tí iwájú á sì wálẹ̀. Iṣẹ́ tí bóòtù wà fún gan-an nìyẹn: ká dá ọkọ̀ padà sí gíga tí wọ́n fi ṣe é, ká má kọjá ibẹ̀. Kí a kọ́kọ́ fi jáàkì gbé iwájú kí ẹrù lè kúrò lórí ọ̀pá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eyín bóòtù lè jẹ. Lẹ́yìn náà kí a wa ọkọ̀ díẹ̀ kó lè jókòó, ká tó wọn ọ̀tún àti òsì lórí ilẹ̀ títẹ́jú, láti àárín wíìlì dé etí fẹ́ńdà. Àláínmẹ́ǹtì kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la, torí táyà tí kò dúró ṣánṣán mọ́, etí kan ni yóò máa jẹ. Kí wọ́n tún iná iwájú tò pẹ̀lú, nítorí ó ti gbójú sókè, ojú ẹni tó ń bọ̀ lálẹ́ ló sì máa ń fọ́.