Àjẹsára àti Orúkọ Àwọn Ẹ̀yà Rẹ̀

Bupá ni àwọn àgbà ń pe gbígba àjẹsára ṣànpọ̀nná, àrùn tí a kéde òpin rẹ̀ ní àgbáyé ní ọdún 1980; apá ni wọ́n ń bù. Àjẹsára gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń fi àmì fáírọ́ọ̀sì han ara, kí ara lè ti kọ́ ìjà kí ọ̀tá gan-an tó dé.

Orúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ni ó ń dààmú olùkọ́. Èyí tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu ní Ìrẹsà nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní fáírọ́ọ̀sì ààyè nínú. Ti abẹ́rẹ́, òkú ni. Bí a bá pe ti àkọ́kọ́ ní ‘àjẹsára aláàyè’, ìyá ọmọ yóò sá, kò sì jẹ̀bi. ‘Aláìlágbára’ burú jù: yóò dà bí ẹni pé oògùn náà ni kò ṣiṣẹ́. Mo dábàá fáírọ́ọ̀sì àdínró. N kò sọ pé àyọró, nítorí pé níbi tí àwọn ọmọ tí ó gba àjẹsára kò bá pọ̀ tó, fáírọ́ọ̀sì náà lè máa ràn káàkiri títí oró rẹ̀ yóò fi padà.

Ti Kòrónà tí Pfizer gbé jáde ní ọdún 2020 kò tilẹ̀ ní fáírọ́ọ̀sì nínú. Iṣẹ́ ni ó ń jẹ́ fún ara, kí ara fúnra rẹ̀ mọ àmì ọ̀tá náà. Àjẹsára aláàrokò ni mo pè é.