Ọkọ̀ Tó Ṣófo: Ohun Tí Ọlọ́gbọ́n Ará Ṣáínà Kan Kọ́ Mi Nípa Ìbínú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin da omi sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Kí n tó ronú, mo ti jágbe mọ́ ọn. Kò sunkún o. Ṣe ló dákẹ́, tó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ìwò yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ìtàn kan tí Zhuangzi sọ. Ọlọ́gbọ́n ará Ṣáínà ni, ó gbé ayé ní nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn, ìwé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà lára ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ Tao. Ó ní ká sọ pé ọkùnrin kan ń tukọ̀ kọjá odò, ọkọ̀ mìíràn tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀ wá kọlù ú. Bó ti wù kí ọkùnrin náà jẹ́ onínúfùfù tó, kò ní bínú. Ṣùgbọ́n tó bá rí èèyàn nínú ọkọ̀ yẹn, á pariwo pé kó yà. Á pè é lẹ́ẹ̀kan, á pè é lẹ́ẹ̀kejì, tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, èébú ló kù.

Ìkọlù kan náà ni o! Ohun tó yàtọ̀ ni èrò ọkùnrin náà pé ẹnì kan ló wà ńdìí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ?

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá gbà pé ìtumọ̀ tí a bá fún ọ̀ràn ló sábà máa ń dá ìbínú sílẹ̀: "Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni." Bí a bá ti rò bẹ́ẹ̀, apá kan nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ amygdala á ta wá lólobó, adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì. Apá iwájú ọpọlọ ló máa ń bá wa tún ọ̀rọ̀ náà wò, ṣùgbọ́n ó nílò àsìkò díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé téèyàn bá ti bú jáde, ara á tù ú. Irọ́ ni. Ní 2002, Brad Bushman mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bínú, ó wá ní kí àwọn kan máa lu àpò tí àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ fi ń kọ́ṣẹ́, kí wọ́n máa ro ẹni tó bí wọn nínú. Inú wọn tún ru ju ti àwọn tó kàn jókòó jẹ́ẹ́ lọ. Ní 2024, òun àti Sophie Kjærvik kó ìwádìí 154 jọ, ọ̀rọ̀ ò yí padà: ohun tó ń tu ara lára, bíi mímí kanlẹ̀ àti àṣàrò, ló ń dín ìbínú kù. Kódà, sísáré lè tún dá kún un.

Ẹ ò rí i pé ó bá ẹ̀kọ́ Tao mu? Omi tó dàrú, a kì í fọwọ́ rò ó kó tó tòrò. A máa ń fi í sílẹ̀ ni.

Gbígbà kì í ṣe gọ̀

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ṣófo. Tẹ́nì kan bá rẹ́ yín jẹ, ẹ sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí omi tòrò ná. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ká gbé ìbínú mì. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé màá sọ fún ara mi pé, "Ìbínú ti dé." Màá mí kanlẹ̀ bíi ìgbà mẹ́wàá. Màá wá bi ara mi pé: ṣé èèyàn wà nínú ọkọ̀ yìí lóòótọ́?

Zhuangzi fúnra rẹ̀ tiẹ̀ lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí àwa gan-an di ọkọ̀ tó ṣófo, ta ló máa wá bá wa jà? Mi ò tíì débẹ̀.

Àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bẹ ọmọ mi. Mo tún wo ife náà: ó kún, ó wúwo, ọwọ́ rẹ̀ sì kéré. Kò sẹ́nì kankan nínú ọkọ̀ yẹn.