Ìwúwo Bàtà àti Ìkòkò nínú Ìrìn-Àjò Ẹlẹ́sẹ̀: Ìlànà Yíyàn fún Àwọn Ọ̀dọ́ Ṣómólú

Ìfáàrà

Kí ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò tó gbòde ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rin ìrìn-àjò, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù. Àwọn òṣómàáló, ìyẹn àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ ní àwìn láti abúlé dé abúlé, kò lè fi ohun tí kò wúlò kún ẹrù, nítorí ọjà wọn fúnra rẹ̀ ti tó ẹrù. Lóde òní, ìwádìí tàbí ìgbádùn ni ọ̀dọ́ Ṣómólú àti Bàrígà lè torí rẹ̀ gun Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ìṣòro tó kọ́kọ́ ń kojú irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ wà lọ́jà: èrò pé ohun tó bá wúwo ló lálòpẹ́. Àlàyé ìsàlẹ̀ yìí fi hàn pé èrò náà ń fi agbára ṣòfò ní ti bàtà, ó sì lè pa ara lára ní ti ìkòkò.

Bàtà

Ní ọdún 1969, Soule àti Goldman tẹ ìwádìí kan jáde lórí agbára tí ènìyàn ń lò láti gbé ẹrù. Wọ́n rí i pé kílò kan tí a gbé sórí ń gba agbára tó fi díẹ̀ ju ti kílò kan nínú ara ẹni lọ, ṣùgbọ́n kílò kan tó wà ní ẹsẹ̀ ń gba ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ẹrù orí ń lọ geere, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìṣísẹ̀ ni a ń gbé bàtà sókè, tí a ń jù ú síwájú, tí a sì ń dá a dúró.

Ká ní bàtà ológun kan wúwo tó kílò 1.5, tí bàtà kánfáàsì sì jẹ́ kílò 0.7. Ẹni tó bá wọ ti ológun dà bí ẹni tó tún fi nǹkan bíi kílò 3 sí 4 lé ẹrù orí rẹ̀. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní gba owó orí yìí.

Síbẹ̀, fífúyẹ́ nìkan kò tó. Sálúbàtà fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò di gìgísẹ̀ mú, kò sì bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bàtà tó yẹ gbọ́dọ̀ ní àtẹ́lẹ̀ oníkókó tó lè di àpáta tútù mú. Ó gbọ́dọ̀ ká níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní agbedeméjì. Àyè díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù níwájú, nítorí ẹsẹ̀ a máa wú bí ọjọ́ ti ń lọ, ìsọ̀kalẹ̀ a sì máa ti ọmọ ìka síwájú. Ẹni tó bá ra bọ́síkọ̀rọ̀ ní Yábà gbọ́dọ̀ tẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn àtẹ́lẹ̀ fóòmù kan a máa jẹrà nínú ọ̀rinrin bí wọ́n bá ti pẹ́, bí òkè wọn tilẹ̀ ń dán. Kí ó wọ̀ ọ́ rìn ní àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó gbé e lọ sókè.

Ìkòkò

Ìkòkò amọ̀ wúwo, ó sì ń fọ́. Irin wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta alumíníọ̀mù tí ó bá tóbi tó o, bẹ́ẹ̀ ni alumíníọ̀mù ń gbé ooru káàkiri jù ú lọ. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni ìkòkò alumíníọ̀mù tó wà lọ́jà. Ọ̀kan jẹ́ pẹlẹbẹ tí ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀. Èkejì ni èyí tí a rọ láti inú àlòkù: ìwọ̀n ooru 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó láti yọ́ alumíníọ̀mù, nítorí náà alágbẹ̀dẹ lè yọ́ àlòkù ẹ̀rọ mọ́tò. Èyí ni àwọn ènìyàn ń yìn pé ó nípọn. Ìwádìí tí Weidenhamer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Cameroon fi hàn pé òjé ń jáde láti inú wọn sínú oúnjẹ. Òjé kò sì ṣeé rí lójú, kò ṣeé tọ́ wò lẹ́nu. Ìkòkò tí kò nípọn, tàbí ti irin tí kì í dógùn-ún, ló yẹ. Ìwọ̀n lítà kan tó ní ìdérí tó ènìyàn kan tàbí méjì.

Oúnjẹ ló yẹ kó ṣáájú ìkòkò. Ẹ̀wà ń fẹ́ iná fún ìgbà pípẹ́, omi púpọ̀ àti ìkòkò ńlá. Gàrí kò béèrè ju omi tútù lọ, àádùn kò tilẹ̀ béèrè omi. Ẹni tó bá ti yan oúnjẹ dáadáa ti dín ìkòkò, epo àti sítóòfù kù lẹ́ẹ̀kan náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ọgbọ́n ju agbára lọ. Onírìn-àjò tí owó rẹ̀ kéré kò nílò ohun èlò olówó iyebíye. Ohun tí ó nílò ni kí ó gbé nǹkan lé òṣùwọ̀n kí ó tó rà á: kí ó kọ́kọ́ dín ìwúwo ẹsẹ̀ kù, kí ó sì béèrè ohun tí a fi rọ ìkòkò kí ó tó béèrè bí ó ti nípọn tó.