PÁÁLÍ KÁÀDÌ AWOṢẸ́ ÒYÌNBÓ: ṢÉ KÍ ÈÈYÀN SANWÓ KÓ TÓ RÍ GBOGBO 78?

Ẹni tó bá ra apẹ̀rẹ̀ tòmátò tí kò da a sílẹ̀ wò, ohun yòówù tó bá bá nísàlẹ̀, kó má pariwo. Tòkè lè pọ́n dẹ̀dẹ̀, kó máa dán bí ojú ìyàwó, kí tìsàlẹ̀ ti di omi. Àwọn tó ń ra béèlì òkìrìkà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: owó ti jáde lápò kí ọ̀bẹ tó kan okùn béèlì.

Ọjà kan wà nílùú òyìnbó tó fẹ́ fara jọ ọ́. Páálí kékeré ni, kò ju ohun tí ọwọ́ kan lè gbá mú lọ. Wọ́n fi ọ̀rá wé e pinpin, wọ́n tẹ àwòrán méjì-mẹ́ta sí i lára, àwọn oníbàárà sì ń bi ara wọn léèrè pé: ṣé ká rà á báyìí, àbí ká kọ́kọ́ rí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ná?

Káàdì Tarot lorúkọ ẹ̀. Tárò ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Òun ni káàdì tí àwọn awoṣẹ́ òyìnbó máa ń tẹ́ sórí tábìlì, tí wọ́n á ní kí ẹni tó wá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ owó fi ọwọ́ ara ẹ̀ mú mélòó kan níbẹ̀.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ PÁÁLÍ NÁÀ?

Káàdì 78 ló wà níbẹ̀. Méjìlélógún jẹ́ àgbà káàdì: Oòrùn ń bẹ níbẹ̀, Òṣùpá ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Ikú, Bìlísì, àti ilé gogoro kan tí àrá ń wó lulẹ̀. Káàdì 56 tó kù pín sí ọ̀nà mẹ́rin: idà, ife, owó ẹyọ àti ọ̀pá. Mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: láti oókan dé ẹẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni ìránṣẹ́ ọba, ẹlẹ́ṣin, ayaba àti ọba fúnra ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé eré ni wọ́n fi káàdì yìí ṣe níbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1440, ní ìhà àríwá Ítálì, àwọn olówó àti àwọn ìjòyè ló ń fi ta ayò nínú ààfin. Títí dòní, wọ́n ṣì ń ta á láyò nílẹ̀ Faransé àti ní Austria. Ní 1781 ni ọkùnrin Faransé kan, Antoine Court de Gébelin, kọ ọ́ sínú ìwé pé ọgbọ́n àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ló wà nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè ka ìwé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ láyé! Ó di 1822 kí Champollion tó tú u. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti délẹ̀, àwọn awoṣẹ́ ti gbé e, ó sì di iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Kò tíì sí ẹni tó fi ẹ̀rí gidi hàn pé káàdì mọ ọ̀la, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí wọ́n má máa rà á.

ÀWÒRÁN ẸNU PÁÁLÍ KÒ TÓ

Ẹni tó ń tajà kò ní gbé èyí tí kò wuni síwájú. Èyí tó bá rẹwà jù ni yóò wà lójú páálí: Oòrùn, Ìràwọ̀, Àwọn Olólùfẹ́. Bí oníbàárà bá sì rí mẹ́wàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àgbà káàdì ni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sábà máa ń jẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Nínú irú káàdì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní ti Marseille, àwọn kéékèèké tó jẹ́ láti oókan dé ẹẹ́wàá kò ní àwòrán èèyàn kankan. Ife márùn-ún ni wọ́n yà, ó tán. Idà mẹ́jọ ni wọ́n yà, ó parí. Ó wá di 1909 ní Lọ́ńdọ̀nù kí Arthur Edward Waite tó gbé iṣẹ́ fún obìnrin ayàwòrán kan, Pamela Colman Smith, tó ya ìtàn sí ojú gbogbo káàdì 78. Nínú tirẹ̀, idà mẹ́wàá kì í ṣe idà lásán: ọkùnrin kan ló dojú bolẹ̀ tí idà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá rí i kò nílò kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún un.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ káàdì lónìí, àwòrán obìnrin yìí ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bí irú wọn bá wá ra páálí mìíràn nítorí àwòrán mẹ́rin tó rí lẹ́yìn ẹ̀, tó tú u délé, tó bá a pé 40 nínú 78 jẹ́ ife lásán àti ọ̀pá lásán, kí ló fẹ́ kà níbẹ̀? Ó ti ju ìdajì ọjà lọ nìyẹn! Bí oníbàárà bá sì jókòó síwájú ẹ̀ tó ti sanwó, tí òun fúnra ẹ̀ wá ń wo káàdì bí ẹni tó rí àlejò, orúkọ bà jẹ́ nìyẹn. Télọ̀ tí kò mọ ẹ̀rọ tó fẹ́ fi rán aṣọ kì í gba aṣọ lọ́wọ́ èèyàn.

OBÌNRIN TÓ YA Á KÒ JÈRÈ Ẹ̀

Ìtàn Pamela Smith fúnra ẹ̀ gba omijé. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní 1878, ó sì gbé Jàmáíkà nígbà tó wà lọ́mọdé. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ àlọ́ Anansi, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tí àwọn ẹrú láti ilẹ̀ Gánà gbé sọdá òkun, tó jẹ́ pé ìwà ẹ̀ àti ti Ìjàpá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ó fi àlọ́ náà ṣe ìwé ní 1899.

Nígbà tó parí iṣẹ́ káàdì ní 1909, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan pé iṣẹ́ ńlá lòun ṣe, owó tí wọ́n fún òun kò sì tó nǹkan. Owó ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Nígbà tó kú ní Bude, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1951, kò ní owó lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pe káàdì náà ní Rider-Waite: Rider ni ilé iṣẹ́ tó tà á, Waite ni ọkùnrin tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Orúkọ obìnrin tó fọwọ́ ya 78 kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: bí ẹni tó ń rajà ṣe gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń rà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ta iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń tà.

ÀWỌN TÓ NÍ KÁ RÀ Á LÁÌRÍ I

Àwọn kan wà tí wọ́n ní kò sí láburú nínú kéèyàn rà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n láwọn ìdí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn káàdì kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè rí tán. Èyí tí wọ́n yà fún ìdílé Visconti àti Sforza ní Mílàn ní bíi 1450, káàdì 74 ló ṣẹ́ kù nínú ẹ̀. 35 wà nílé ìkówèésí Morgan ní New York, 26 wà ní ilé àwòrán Accademia Carrara ní Bergamo, 13 wà lọ́wọ́ ìdílé kan. Bìlísì ti sọnù, ilé gogoro ti sọnù, idà mẹ́ta àti ẹlẹ́ṣin owó náà ti sọnù. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ tà lónìí, ṣe ni wọ́n wá ẹni tó ya mẹ́rin náà tuntun. Wọ́n tún ń tọ́ka sí káàdì Thoth, tí Lady Frieda Harris yà fún Aleister Crowley láàárín 1938 sí 1943. Ní 1969 ni wọ́n tó tẹ odindi páálí ẹ̀ jáde fún títà. Crowley ti kú ní 1947, Harris kú ní 1962. Àwọn tó ṣe é gan-an kò rí i lọ́jà!

Ìkejì, ọ̀pọ̀ ayàwòrán lónìí ló ń gba owó sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ya ìdajì. Wọ́n ní bí àwọn èèyàn bá ní àwọn gbọ́dọ̀ rí 78 ká tó sanwó, àwọn kò ní rí owó kun ọ̀dà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń sanwó mọ̀ pé àsansílẹ̀ ló san, bí ìgbà téèyàn san fún káfíńtà kí pákó tó dé. Ó lè pẹ́. Ó lè má rí bó ṣe rò ó. Owó tí kò bá ní í mú un sunkún ni kó fi sílẹ̀.

ORÚKỌ ÒRÌṢÀ TI WÀ LÁRA PÁÁLÍ

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan Yorùbá náà. Ní 2018, ilé ìtẹ̀wé Llewellyn ní Amẹ́ríkà tẹ káàdì òrìṣà kan jáde, èyí tí Andrew McGregor, ará Kánádà, ṣe. Àwọn òrìṣà tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá gbé dé Kúbà ló wà níbẹ̀. Ìyẹn kò ní kí iṣẹ́ ọkùnrin náà máà dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, tó rí Ṣàngó lára páálí tó wá rò pé Ifá lòun rà, kó rọra. Ojú odù mẹ́rìndínlógún ni Ifá ní, pẹ̀lú ọmọ odù ẹ̀ ó di 256. Ikin àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni babaláwo fi ń dá a. Káàdì 78 kò lè gba 256. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wo ojú káàdì kọ̀ọ̀kan, kó mọ èyí tó jẹ́ tilé àti èyí tó jẹ́ ti ẹni tó yà á.

OHUN TÍ ỌLỌ́GBỌ́N OLÙRAJÀ Ń ṢE

Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń béèrè bóyá wọ́n ní èyí tí wọ́n ti tú sílẹ̀ fún wíwò. Bí wọn kò bá lè fi gbogbo ẹ̀ hàn án, á ní kí wọ́n fi àwọn tí kì í sí lójú páálí hàn òun: Ikú, Bìlísì, ilé gogoro, ọba kan, àti mẹ́rin nínú àwọn kéékèèké. Mẹ́jọ péré nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ju ogún tó rẹwà lọ. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré nílé á tún béèrè bóyá àwọn tó wà níhòòhò wà níbẹ̀, nítorí wọ́n sábà máa ń wà.

Bí ọjà bá délé, ó ń kà á pé 78 pé. Ayédèrú pọ̀: àwòrán á ṣú, káàdì á kéré sí ti gidi, ìwé tó yẹ kó bá a wá kò ní sí. Bó bá sì jẹ́ láti ọ̀nà jíjìn ló ti rà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 2013 fún un ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tọ́jà bá délé láti ní òun kò ṣe mọ́. Ẹni tó lọ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rà á ní ṣọ́ọ̀bù kò ní irú àǹfààní yẹn.

Nígbà náà, ta ló jàre? Ẹni tó fẹ́ fi ṣeré, tí ìyàlẹ́nu dùn mọ́ ọn, kó ra tirẹ̀ kó máa tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi jẹun, tàbí ẹni tó jẹ́ pé owó ọjà ló fẹ́ yọ, kó dúró dìgbà tó bá rí ojú káàdì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìròyìn kò tó àfojúbà.