Oògùn tán, ìtọ́jú kò tán: ọmọ tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́ n'Ìbàdàn

Bí dókítà bá sọ fún òbí pé, "Ẹ lè máa gbé ọmọ lọ sílé," ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbọ́ ni pé ó ti parí. Òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọmọdé. Àdúrà wa ni kí ọmọ ó sin òbí. Ìdí nìyí tí ẹnu fi máa ń wúwo. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń lọ yẹn gan-an ni iṣẹ́ mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957, ẹ̀ka kan wà fún ìtọ́jú amáratuni, èyí tó ń mú ara tu ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, dókítà akunilóorun fún iṣẹ́ abẹ, wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ yìí.

Ìrora ni wọ́n kọ́kọ́ ń kojú. Ọmọ tí jẹjẹrẹ ojú tàbí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń bá jà lè má sunkún rárá. Ó kàn lè dákẹ́, kó má ṣeré mọ́. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì lè na àwòrán ojú ènìyàn sí i, láti orí èyí tó ń rẹ́rìn-ín dé èyí tó ń sunkún, kí ọmọ fi ìka tọ́ka sí èyí tó jọ bí ara ṣe ń ṣe é.

Ní 2012, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, yọ oògùn kodíìnì kúrò nínú ìlànà oògùn ìrora ọmọdé: parasitámọ́ọ̀lù tàbí ibuprofen ni fún ìrora díẹ̀, mọ́fíìnì sì ni fún èyí tó le. Mọ́fíìnì olómi ṣeé mu nílé. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń lò ó, láìdúró kí ìrora dé. Ó máa ń fa ìgbẹ́ gbígbẹ, nítorí náà oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ máa ń tẹ̀ lé e. Bí dókítà bá fi ìwọ̀n ara ọmọ díwọ̀n rẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ, kì í pa ọmọ, kì í sì í sọ ọ́ di ajòògùnyó. Ìyá tó wà ní Agbowó tàbí Ring Road lè fi sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ fa oògùn náà, kó sì kọ aago tó fún ọmọ sínú ìwé.

Iṣẹ́ yìí kò mọ sí Ìbàdàn: ọdún 1982 ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú Helen House ní Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní Uganda, dókítà Anne Merriman dá Hospice Africa sílẹ̀ ní 1993 pẹ̀lú mọ́fíìnì olómi tí owó rẹ̀ kò ga.

Kí òbí tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kó béèrè: Ta la lè pè lóru? Kí la ó fún un bí ìrora bá dé kí wákàtí mẹ́rin tó pé? Níbo la ó ti rí oògùn bí èyí bá tán? Ilé ìwòsàn tí kò bá tíì dáhùn àwọn wọ̀nyí kò tíì dá ọmọ padà sílé, ó kàn lé e jáde ni.