Kọ̀ǹpútà Yín Kò Yadi, Dírẹ́bà Rẹ̀ Ni Kò Sí Nílé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ rí, ẹ mọ bá a ṣe ń rà á. A ó ní kí wọ́n tàn án, a ó wò ó bóyá ó yá, a ó tẹ kíbọ́ọ̀dù díẹ̀, a ó ná an, a ó sanwó. Ta ló ń rántí gbọ́ ohùn rẹ̀? Ó di ìgbà tó bá délé, tí ọmọ fẹ́ fi wo ẹ̀kọ́ tàbí tí ìyá fẹ́ fi gbọ́ wáàsí, ká tó mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ò sọ̀rọ̀. Ẹni tá a bá gbé e lọ fún yóò wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò mi orí: "Ibi tóhùn ti ń jáde ti jó. Bọ́ọ̀dù lẹ máa pààrọ̀."

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí ní Ìgbàrà-Òkè níbí, mo gbọ́ ọ ní Àkúrẹ́, mo gbọ́ ọ ní Oǹdó. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sóhun tó jó. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kí n tó bínú.

Ohun tí kò sí ni dírẹ́bà. Kì í ṣe dírẹ́bà tó ń wa mọ́tò láti Iléṣà gba iwájú wa kọjá lọ sí Àkúrẹ́ ni mò ń wí o. Ètò kékeré kan ni, iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe láàárín Windows àti ẹ̀yà tó ń gbé ohùn jáde nínú kọ̀ǹpútà. Bí ògbufọ̀ ò bá sí, tàbí tó jẹ́ èdè ẹ̀rọ mìíràn ló gbọ́, àwọn méjèèjì á jókòó, wọ́n á máa wo ara wọn. Dell tàbí HP tí wọ́n kọ sára desktop kọ́ ló sì máa ń ṣe ẹ̀yà ohùn inú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, Realtek ló ṣe é, ilé-iṣẹ́ kan ní Taiwan tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1987. Síbẹ̀, dírẹ́bà tí Dell fi sí ẹ̀rọ tirẹ̀ lè má bá ti HP mu.

Windows tuntun máa ń wá dírẹ́bà fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n dátà ta ni wọ́n fẹ́ fi wá a? Ọlọ́jà ò ní fi tirẹ̀ ṣe é. Ó tún wá le sí i látìgbà tí àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 ti dópin ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Àwọn kan ń fipá gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ àtijọ́ tí Microsoft fúnra rẹ̀ ò fọwọ́ sí, tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ò sì kọ dírẹ́bà Windows 11 kankan fún. Ti Windows 10 sábà máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà, ẹ gbìyànjú rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ni bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa. Glaucoma ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ojú wọn. Ọmọ wọn ra desktop kan fún wọn, ó ní kí wọ́n fi NVDA sí i. Ètò ọ̀fẹ́ ni NVDA. Michael Curran, tóun náà ò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 2006. Ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà ló ń kà sókè, títí kan lẹ́tà téèyàn ń tẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wá rò ó wò: fún èmi àti ẹ̀yin, ẹ̀rọ tí kò lóhùn ṣì ṣe é fi kọ ìwé. Fún Bàbá, àpótí irin ni. Wọn ò tiẹ̀ lè wá ibi tó ti bàjẹ́ fúnra wọn, torí ohùn yẹn náà ni wọn ì bá fi ríran.

"Lọ́yà, bá mi wò ó," ni wọ́n wí. Bọ́ọ̀dù ni wọ́n ní ó bàjẹ́, iye tí wọ́n dá lé e sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì owó tọ́mọ fi ra gbogbo rẹ̀.

"Ẹ má tíì san nǹkan kan, Bàbá. Ẹ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ kan."

Mo gbé Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ kan tó lè dípò Windows, sórí fíláàṣì. Mo fi fíláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà ọ̀hún láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Sípíkà sọ̀rọ̀ kíákíá. Bọ́ọ̀dù tó jó wo ló ń sọ̀rọ̀? Dírẹ́bà ẹ̀rọ mìíràn pátápátá ni wọ́n ti gbé sínú Windows rẹ̀.

Ẹ̀yin náà lè wò ó nílé. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ihò aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn desktop lẹ ki okùn sípíkà bọ̀, torí ihò iwájú lè má ní wáyà nínú. Bó bá jẹ́ HDMI lẹ fi so mọ́nítọ̀, Windows lè máa darí ohùn lọ sínú mọ́nítọ̀ tí kò ní sípíkà rárá. Ẹ tẹ àmì sípíkà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ yan èyí tó tọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì lórí àmì Windows, kẹ́ ẹ ṣí Device Manager. Àmì ìyanu aláwọ̀ ìyeyè lára ẹ̀yà ohùn ń sọ pé dírẹ́bà ló ń dà á láàmú. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ sì máàkì ibi tó ti ń béèrè bóyá kó pa dírẹ́bà náà rẹ́. Ẹ lọ sí ojúlé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yín, ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ (Service Tag ni Dell ń pè é), kẹ́ ẹ gba dírẹ́bà chipset, ẹ gbé e sí i, ẹ tó wá gbé ti ohùn. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn. Àwọn ètò tó ń polówó pé àwọn á bá yín wá gbogbo dírẹ́bà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sá fún wọn; ọ̀pọ̀ wọn ń kó àlejò tẹ́ ò pè wọlé.

Mi ò sọ pé ẹ̀yà ohùn kì í jó o. Pẹ̀lú iná wa yìí kẹ̀? Bí Ubuntu náà ò bá fọhùn, kẹ́ ẹ wò ó nínú BIOS bóyá wọ́n pa á níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ra káàdì ohùn kékeré tí wọ́n ń ki bọ USB. Kò wọ́n bíi bọ́ọ̀dù, Windows sì sábà máa ń dá a mọ̀ fúnra rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òfin. Òfin àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPA ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lọ́dún 2019, ní kí ẹni tó ń ta ọjà àlòkù sọ ọ́ kedere pé àlòkù ni. Ó tún ní bẹ́ ẹ bá ti sọ fún ọlọ́jà ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọjà ṣe, tí ọjà ò sì lè ṣe é, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà láàárín àkókò tó bójú mu. Ìwé "a kì í gba ọjà padà" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ò lè pa ẹ̀tọ́ yẹn. Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù: "Ẹni tí kò ríran ló fẹ́ lò ó, ohùn ló máa fi lò ó." Ẹ sọ ọ́ lórí WhatsApp tí ẹ̀rí á fi wà, kẹ́ ẹ sì gba rísíìtì.

Fún àwọn tó ń fọ́máàtì fún wa, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní. Bí Windows tó bá ẹ̀rọ dé bá ṣì wà nínú rẹ̀, tó ń fọhùn, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ ṣí fódà kan sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ èyí: dism /online /export-driver /destination:D:\driver. Bí fíláàṣì bá ń jẹ́ E lórí ẹ̀rọ yín, E lẹ máa fi dípò D. Yóò da dírẹ́bà tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ fún ẹ̀rọ náà kọ síbẹ̀, kò sì ní gba dátà kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ẹ̀rọ, ẹ dúró tì wọ́n kí wọ́n ṣe é kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fọ́máàtì.